Ẹja Olójú-Pupa Ilé Gàfárù

Ojú ọ̀run ni Mutmainnah kọ́kọ́ rí lórí ọkùnrin náà. Gíláàsì ńlá kan ló rù, pẹrẹsẹ lórí òṣùká, ó ń ti orí òkè Mápó sọ̀kalẹ̀ bọ̀ ní Ọjà'ba, ìkùukùu funfun sì ń rìn nínú gíláàsì náà, àfi bí ẹni pé òun ló ń dà wọ́n bọ̀ bí agbo àgùntàn. Àwọn ọlọ́kadà tí kì í yà fún ẹnikẹ́ni ń yà fún un. Àwọn tó pàtẹ sí ẹsẹ̀ òkè ń fa igbá wọn sẹ́yìn. Òun kò pariwo, kò yára. Ó kàn ń gbé ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ilẹ̀ jí.

Onígíláàsì gan-an ni Mutmainnah ń wá lọ sí Bẹẹrẹ. Àpótí ẹja rẹ̀ kan ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́, omi sì ti ń jò láti òwúrọ̀. Ó sáré tẹ̀ lé ọkùnrin náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, onígíláàsì, ẹ dúró fún mi."

"Bí mo bá dúró, ọrùn mi á mọ̀ pé ẹrù wà lórí mi," ọkùnrin náà dáhùn láìwo ẹ̀yìn. "Ẹ máa bá mi rìn, kí ẹ máa sọ ọ́ lọ."

"Ṣé ẹ lè tún àpótí ẹja ṣe?"

"Ẹja tí wọ́n ń sìn, àbí èyí tí wọ́n ń yan?"

"Èyí tí wọ́n ń wò."

"Ẹja tí wọ́n ń wò! Nínú ìlú tí ebi ń pa wá yìí?" Ó rẹ́rìn-ín, gíláàsì mì, ìkùukùu mì, àyà Mutmainnah já. "Ẹ má bẹ̀rù," ni ó sọ. "Èmi àti gíláàsì ti mọra. Níbo nilé yín?"

Ọ̀rányàn nilé wọn. Mutmainnah ti lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún, àwọn ìyàwó ilé sì ti ń fi ojú bi í ní ohun tí ẹnu wọn kò lè bi í. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Ẹja aláràbarà tí àwọn olówó ń gbé sí ọ́fíìsì àti pálọ̀ ni ó ń sìn tà, àwọn ará àdúgbò a sì máa béèrè pé irú ẹja wo ni èèyàn ń fún lóúnjẹ lójoojúmọ́ tí kò ní í padà jẹ ẹ́.

Ọwọ́ bàbá rẹ̀, Gàfárù, ló ti kọ́ ọ. Nígbà tí ara bàbá náà ṣì le, odò Ògùn àti àwọn ìṣàn tó ń wọnú rẹ̀ ni ó ń dẹ, ó ń mú ẹja kéékèèké fún àwọn tó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó. Ọ̀kan wà tó fẹ́ràn ju ìyókù lọ. Olójú-pupa ni ó ń pè é. Kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ìpẹ́ rẹ̀ tóbi, ó ń yí àwọ̀ padà bí epo ọkọ̀ tó kán sójú omi, òkè ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ẹja tí ojú ń tì ni. Kì í dá rìn. Bí èèyàn bá fi ẹyọ kan ṣoṣo sínú omi, kò ní í jẹun títí tí yóò fi kú. Bí òjìji bá ṣubú lu agbo wọn lójijì, gbogbo wọn á fọ́n ká, wọ́n á di ẹ̀yìn ewé, ó sì lè di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó yọjú.

Nígbà tó yá, odò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Àwọ̀n tí ì bá kó odidi agbo kan tẹ́lẹ̀ wá ń jáde pẹ̀lú ewé jíjẹrà. Ni Gàfárù bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí olójú-pupa yóò fi máa bímọ nínú ilé. Ó wá a títí. Wọ́n á yé ẹyin, wọ́n á yíjú padà jẹ ẹ́. Èyí tó bá pa nínú ẹyin náà, á kú kó tó mọ oúnjẹ. Níbi tó ti ń wá a ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú. Ó wá di ẹni tó ń dùbúlẹ̀ sí yàrá tó fara ti yàrá ẹja, tó ń gbọ́ bí omi ṣe ń hó láti ẹ̀yìn ògiri.

"Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣì ń bẹ Ọlọ́run fún," bàbá náà a máa sọ, pẹ̀lú ahọ́n tó ti wúwo, "ni kí n rí ọmọ olójú-pupa tí wọ́n bí nínú ilé yìí."

Ìyá Mutmainnah ti kú tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Ishaq, tó ń ta ẹní ìkírun àti kẹ́tùlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláásí, ló ń wẹ bàbá wọn láràárọ̀. Ẹnu Ishaq mú, inú rẹ̀ kì í sì í pẹ́ ru. Ṣùgbọ́n bó bá ti di ara bàbá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ a rọ̀ bí òwú.

Nígbà tí onígíláàsì dé yàrá ẹja, Mutmainnah ní kó bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé mọ́sáláásí ni?"

"Ẹ rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n."

Ọkùnrin náà bọ́ bàtà. Ó kúnlẹ̀ síwájú àpótí àwọn olójú-pupa, kò mira. Àwọn ẹja ti sá. Ó dúró. Mutmainnah rò pé yóò sú u láìpẹ́, bó ṣe máa ń sú àwọn oníbàárà, ṣùgbọ́n kò sú u. Nígbà tó pẹ́ dáadáa, ẹja kan yọ imú, òmíràn tẹ̀ lé e, odidi agbo sì ṣí jáde láti ẹ̀yìn ewé bí aṣọ tí wọ́n tú lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ojú wọn dà bí ojú ẹni tó sunkún tán," ni ọkùnrin náà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Bàbá mi ní ojú ẹni tó jí ní kùtù ni."

Ó yíjú sí i, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ sọ?"

Kò sí ẹni tó bi Mutmainnah ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Dípò kó dáhùn, ó bi í lórúkọ rẹ̀.

"Ṣàngówálé."

"Ẹ̀ẹ́n! Ẹ má jẹ́ kí bàbá mi gbọ́ o."

"Wálé ni kí ẹ máa pè mí nígbà náà, títí wọ́n á fi mọ̀ mí."

Ó tún àpótí náà ṣe lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, ó padà wá wò ó bóyá gọ́ọ̀mù ti gbẹ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wá wò ó bóyá kò tíì sán. Nígbà tó tún yọ, tó ní gọ́ọ̀mù náà ló gbé òun wá, Mutmainnah fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

"Gọ́ọ̀mù yẹn ti gbẹ láti ọjọ́ kìíní, ìwọ ọkùnrin yìí."

"Ó ti gbẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ń lẹ gíláàsì ló ti lẹ èmi náà mọ́ ilé yìí."

Ọjọ́ náà ni wọ́n fi "ẹ" sílẹ̀, tí wọ́n di "ìwọ" fún ara wọn.

Nínú yàrá yẹn, ohùn jẹ́jẹ́ ni òfin, nítorí náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni ìfẹ́ wọn ṣe dàgbà. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni Wálé fi sọ ìtàn bàbá rẹ̀ tó kú nígbà tí òun ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, àti ti ìyá rẹ̀ Ọ̀ṣúnwùmí, tó ń bọ Ṣàngó ilé ọkọ rẹ̀ títí dòní, tó sì fi aró rírẹ tọ́ òun dàgbà. "Ìyá Ẹja" ni ó ń pe Mutmainnah. Mutmainnah ń pè é ní "Ọkọ Gíláàsì". Ní ọ̀sán kan tí iná kò sí, tí àwọn méjèèjì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara wọn, Wálé ní, "Mutmainnah, mi ò fẹ́ máa wá àwáwí mọ́. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ibi tó o bá wà ni màá máa padà sí."

"Ṣé o mọ ohun tó ò ń sọ?"

"Mo mọ orúkọ mi, mo sì mọ ilé yín. Síbẹ̀, mo sọ ọ́."

Mutmainnah gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ. Ìyẹn ni èsì rẹ̀.

Wálé ló ṣe àpótí tí wọ́n fẹ́ fi gbìyànjú ọmọ bíbí. Ó ṣe é ní fífẹ̀, kò jẹ́ kó ga, ó sì kun ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta rẹ̀ ní dúdú kí òjìji má baà máa wọlé lù wọ́n. Mutmainnah rọ omi òjò sínú rẹ̀, ó da ewé fúrúùtù gbígbẹ sí i títí omi fi pọ́n bí tíì, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni omi inú igbó rí níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń mú wọn. Ó yan akọ kan àti abo kan tí ikùn rẹ̀ yọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣú, wọ́n yé ẹyin. Ó yára kó ìyá àti bàbá kúrò kí wọ́n tó yíjú padà.

Ẹyin pa. Àwọn ọmọ náà tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú, wọ́n rọ̀ mọ́ ara gíláàsì, wọn kò sì kú. Wọ́n mọ oúnjẹ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ papọ̀, agbo kékeré kan tó ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù wọn burú ju ti àwọn òbí wọn lọ. Bí ìlẹ̀kùn bá gbá, wọn a ju ara wọn sí ìsàlẹ̀, àwọn mìíràn kò sì ní í gbéra mọ́. Mutmainnah bẹ gbogbo ilé kí wọ́n lọ máa gún iyán níta. Ó ká gbogbo rẹ̀ sórí fóònù, ó gbé e lọ fún bàbá rẹ̀ wò.

Bàbá náà wò ó, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣé ojú wọn ti pọ́n?"

"Kò tíì pọ́n, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká gbé yín lọ wò wọ́n."

"Rárá o! Wàhálà gbígbé mi á pa wọ́n. Kó di ìgbà tí ojú wọn bá pọ́n, tí àyà wọn le díẹ̀." Ó sinmi. "Ọkùnrin tó ń rìn jẹ́jẹ́ yẹn, tí mò ń gbọ́ lẹ́yìn ògiri. Ta ni?"

"Onígíláàsì ni. Wálé."

"Wálé kí ni?"

Mutmainnah kò lè parọ́ fún un lọ́jọ́ yẹn. "Ṣàngówálé."

Bàbá náà yíjú sí ògiri yàrá ẹja. "Ohùn rẹ̀ dára," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní í fi ọmọ mi fún ilé Ṣàngó. Má fi ọ̀rọ̀ yìí bá mi jà, Mutmainnah. Kò sí agbára ìjà lára mi mọ́."

Kò bá a jà. Ó kàn ń jókòó ti Wálé nínú yàrá ẹja, àwọn méjèèjì ń wo àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń dàgbà, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tiwọn náà yóò dàgbà níbẹ̀.

Ishaq gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu ẹlòmíràn, lọ́jà. Ó ti ọjà bọ̀ ní ọ̀sán, ó bá Wálé nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀.

"Dìde. Jáde."

Wálé dìde. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú wa, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ níta. Àwọn ọmọ ẹja..."

"Ìwọ ni yóò kọ́ mi bí màá ṣe sọ̀rọ̀ nílé bàbá mi?" Ohùn Ishaq ń ga sí i. "Bàbá mi ń kú lọ, ìwọ ń wá ọmọ rẹ̀ kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀! Ọmọ abọ̀rìṣà. Ọmọ obìnrin tó ń kúnlẹ̀ fún òkúta!"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́," ni Mutmainnah ń wí.

Wálé ti gbọ́ oríṣiríṣi nípa ara rẹ̀ láyé yìí, ó sì ti gbà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ tí wọ́n mẹ́nu kàn, kò gbà á. Ó fi ọwọ́ ti Ishaq. Kò fi agbára tì í. Bí Ishaq bá wà ní gbangba ni, ì bá kàn sún sẹ́yìn lásán. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Ishaq lu tábìlì, tábìlì fì, àpótí tí Wálé fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sì yọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Wálé ju ara sí i. Ó dì í mú ní eteetí, gíláàsì bẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àpótí bọ́.

Omi pupa náà ṣàn lọ dé ẹnu ọ̀nà yàrá bàbá wọn.

Mutmainnah ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó mú síbí, ó mú abọ́, ó ń ṣa àwọn ọmọ náà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ń dán lórí sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n ohun tó tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣà. Síbí tó fẹ́ gbà á là náà ló ń tẹ̀ ẹ́ pa.

"Mutmainnah!" Ohùn bàbá wọn ti ẹ̀yìn ògiri wá. "Kí ló fọ́?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn. Ẹ̀jẹ̀ ń kán lọ́wọ́ Wálé.

"Àpótí òfìfo ni, Bàbá," ni Mutmainnah dáhùn.

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan."

"Alihamudulilai," ni bàbá náà wí.

Ishaq dorí kodò. Mutmainnah dìde, ó gbé abọ́ náà sílẹ̀, kò wo ojú Wálé. "Ẹ máa lọ," ló wí. Wálé gbọ́ "ẹ" yẹn, ó mọ̀ pé wọ́n ti tilẹ̀kùn mọ́ òun. Ó di ọwọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ mú mọ́ àyà, ó lọ.

Láràárọ̀ ni bàbá náà ń béèrè àwọn ọmọ rẹ̀. Láràárọ̀ ni Mutmainnah ń gbé fóònù wá, tó ń fi ohun tó ti ká sílẹ̀ hàn án. Lónìí, èyí tó ká láti apá òsì àpótí. Lọ́jọ́ kejì, èyí tó ká láti apá ọ̀tún. Ishaq a dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàfù omi lọ́wọ́, a wolẹ̀.

"Wọn ò mà tóbi sí i," bàbá náà wí lẹ́ẹ̀kan.

"Díẹ̀díẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé wọn kì í yára."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni mo sọ ọ́."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun Alaásárì, bàbá náà pe àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ onígíláàsì yẹn mọ́."

"Ó rìnrìn àjò, Bàbá," ni Mutmainnah wí. Irọ́ ti wá ń rọrùn lẹ́nu rẹ̀.

"Mo ti rò ó. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi wá ohun tí àpótí tí ọkùnrin yẹn ṣe ti fún mi. Ẹni tó lè kọ́ ilé fún ohun tí ẹ̀rù ń bà, tí ohun náà fi gbé ibẹ̀, tó bí sí i, á lè kọ́lé fún ọmọ mi." Ó mí. "Ishaq, bó bá dé, má lé e. Mo ti yọ̀ǹda."

Ishaq gbé ìtẹ́lẹ̀ ọwọ́ bo ojú. "Mo gbọ́, Bàbá."

Mutmainnah jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó ki etí ìró rẹ̀ bọ ẹnu, ó jẹ ẹ́ mọ́ eyín kí igbe má baà jáde. Ohun tó ti ń tọrọ láti ọjọ́ yìí ni wọ́n fún un, kò sì lè nawọ́ gbà á.

Bàbá náà kò lo ọ̀sẹ̀ yẹn tán. Wọ́n sin ín sínú àgbàlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn bàbá rẹ̀.

Wálé àti ìyá rẹ̀ wá kí wọn. Ọ̀ṣúnwùmí kò ga, aró ti wọ èékánná rẹ̀. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá," ló wí. "Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere." Ishaq dìde kúrò lórí àga tirẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò lè wo ojú rẹ̀.

Wálé bẹ Mutmainnah fún gbólóhùn kan. Wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Báńdéèjì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá mi ti fi mí fún yín kí wọ́n tó lọ," ni Mutmainnah wí.

Ojú Wálé là, kò mọ̀ bóyá kó rẹ́rìn-ín tàbí kó sunkún.

"Ẹ má tíì yọ̀. Wọ́n rò pé àwọn ẹja yẹn wà láàyè ni. Wọ́n ní torí pé àpótí yín gbà wọ́n, ẹ ó gbà mí. Èmi ni mo ń parọ́ fún wọn láràárọ̀, títí wọ́n fi kú."

Wálé fara ti ògiri. "Nígbà náà, mi ò lè fi ọ̀rọ̀ wọn gbà ọ́."

"Èmi náà ò lè fi ara mi fún yín lórí rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pínyà, láìjà, láìdi ara wọn mú.

Òjò lọ, ọyẹ́ dé. Mutmainnah ń tọ́jú àwọn àgbà olójú-pupa tó kù nínú àpótí àtijọ́. Wọ́n yé ẹyin lẹ́ẹ̀kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣètò rẹ̀. Ó jókòó síwájú gíláàsì, ó ń wò bí wọ́n ṣe yíjú padà tí wọ́n ń jẹ ẹ́, kò sì gbé ọwọ́. Bí iṣẹ́ bá fẹ́ gbé e gba Bẹẹrẹ, níbi tí Wálé ti ń gé gíláàsì, a gba ọ̀nà mìíràn.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀ṣúnwùmí nìkan wá sílé wọn. Mutmainnah kúnlẹ̀ kí i, ó gbé omi fún un. Obìnrin náà kò mu ún lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ wá bá mi lánàá."

"Bọ̀ọ̀dá Ishaq?"

"Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ síwájú ìkòkò aró mi, pẹ̀lú aṣọ funfun tó fi kírun. Ó ní òun bú mi níbi tí mi ò sí. Mo ní kó dìde, kò dìde, àfìgbà tí mo fi ọwọ́ kàn án." Ó mumi. "Ọmọ mi, mi ò wá bẹ̀bẹ̀ fún Wálé. Ohun tó ṣe, ó ṣe é. Ṣùgbọ́n o fi í sẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé, kò lè lọ. Bó o bá fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ. Bí o ò bá fẹ́ ẹ, sọ ọ́ kó gbọ́."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Mutmainnah lọ sí Bẹẹrẹ. Wálé ń gé gíláàsì fún fèrèsé. Ó rí i, ó gbé irin tó fi ń gé e sílẹ̀. Àpá kan là á ní àtẹ́lẹwọ́ já.

"Wálé," ló wí, "ìwọ lo pa wọ́n."

Wálé gbọ́ "ìwọ" yẹn. "Èmi ni."

"Èmi ni mo parọ́ fún bàbá mi lójú ikú."

"Mo mọ̀."

"Nǹkan méjèèjì yìí, wọn ò ní í tán. Bí a bá dàgbà, bí a bímọ, wọn ò ní í tán."

"Wọn ò ní í tán."

"Ṣé o lè bá mi gbé e?"

"Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń dá gbé e, Mutmainnah. Ó wúwo. Jẹ́ ká jọ gbé e."

Mutmainnah jókòó sórí àpótí onígi kan níbẹ̀, ó sun ẹkún tí kò rí sun láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Wálé kò fọwọ́ kàn án. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ẹkún náà fi rẹ̀.

Ìjà kò parí síbẹ̀. Ishaq ní kò sí bí òun ṣe lè so yìgì wọn ní mọ́sáláásí, nítorí Wálé kì í ṣe Mùsùlùmí. Wálé sì ní òun kò ní í fi ẹnu lásán gba ẹ̀sìn torí ìyàwó. Irọ́ tó ti wà nílẹ̀ ti tó. "Kóòtù la máa lọ," ni Mutmainnah sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Mi ò sì ní í dárúkọ Bàbá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fi irọ́ rà lẹ́nu wọn, mi ò ní í ná an."

Ishaq wò ó títí. "Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ mú ẹja, ṣé o rò pé ó wo ẹja kan náà lórí fóònù láràárọ̀, tí kò mọ̀?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má fi ìyẹn rẹ̀ mí lẹ́kún. Ẹ̀yin náà ò mọ̀."

"Mi ò mọ̀ lóòótọ́," ni Ishaq gbà. "Kò sí ẹni tó máa mọ̀ mọ́."

Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gun òkè Mápó lọ sí kóòtù. Mutmainnah wọ aṣọ òkè ìyá rẹ̀, aṣọ àtijọ́. Ọ̀ṣúnwùmí ló bá wọn lọ, òun nìkan. Àwọn ará ilé Ọ̀rányàn kò yọjú. Akọ̀wé obìnrin tó ń darí ètò náà wo àga tó ṣófo lápá ìyàwó.

"Ta ló dúró fún ìyàwó? Ta ló fi í fọ́kọ?"

Mutmainnah ṣí ẹnu láti sọ pé òun fúnra òun ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ohùn ti wá.

"Èmi ni."

Ishaq ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, òógùn òkè náà lójú rẹ̀. Ó wọlé. Ó dúró síwájú tábìlì bí ẹni tó wá jẹ́jọ́.

"Èmi, Ishaq ọmọ Gàfárù, ni mo fi àbúrò mi fún ọkùnrin yìí. Kì í ṣe bàbá wa. Èmi ni. Mo mọ ohun tó ṣe, mo mọ èyí tí mo ṣe, mo sì fi í fún un."

Ó bu ọwọ́ lu ìwé. Wálé fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ishaq fà á dìde. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ìka rẹ̀ kan àpá náà, ó sì tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ lé orí àbúrò rẹ̀. Ó ní ìrun Ayílà ti kù díẹ̀, òun kò ní í lè bá wọn jẹun. Ó dé fìlà, ó jáde.

Mutmainnah dúró sójú fèrèsé, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí èrò Ọjà'ba fi gbé e mì. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Ṣé kí n sáré pè é padà?" ni Wálé béèrè.

"Jẹ́ kó máa lọ," ló dáhùn. "Ibi tó rìn dé yìí ti jìnnà sílé."

Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, wọ́n sì tẹ̀ lé Ọ̀ṣúnwùmí lọ.